Ọjọ́ Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní láàbù kékeré kan ní Ìkòròdú, níbi tí a ti ń yẹ oúnjẹ wò bóyá kòkòrò àìfojúrí wà nínú rẹ̀. Yàrá mẹ́ta ni, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páìpù àti táǹkì omi. Ọ̀gá mi ló ni láàbù náà. Obìnrin ni, ọmọ Ọ̀ṣun, ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga títí ó fi fẹ̀yìn tì, kí ó tó wá gba ilé náà. Èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀. Òun ló ń ronú, èmi ló ń fọwọ́ ṣe é, èmi náà ló sì ń kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe sínú ìwé ńlá kan tó ní èèpo dúdú. Iṣẹ́ mi ni ìwé yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó lọ jìnnà.

Àwọn tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà wa. Àwọn ilé ìtajà ńlá kì í fẹ́ gba ẹja yíyan lọ́wọ́ wọn mọ́ láìsí ìwé tó fihàn pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun kò tilẹ̀ dá a lábàá. Ọjọ́ mẹ́rin sì ni àyẹ̀wò náà ń gbà. A ó gún ẹja díẹ̀, a ó pò ó mọ́ omi, a ó kán an sínú àwo pẹlẹbẹ, a ó gbé e sínú àpótí olóoru, a ó wá máa retí kí kòkòrò hù. Ẹja kò mọ̀ pé à ń retí nǹkan kan. Nígbà tí èsì bá fi jáde, ẹlòmíràn á ti tà á tán.

Ohun tí ọ̀gá mi ń lé nìyẹn. Ó ní aró búlúù kan tó ń bù sínú ìgò kékeré pẹ̀lú omi ẹja. Bí kòkòrò bá pọ̀ níbẹ̀, búlúù á ṣí, á di píǹkì kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹja tútù. Ẹja yíyan ló ń dà á láàmú. Òróró ara rẹ̀ àti èéfín tó ti mu á bo aró náà mọ́lẹ̀, ìgò á di dúdú rúsúrúsú, kò ní sí ẹni tó lè sọ ohun tó ń wí. Ó sẹ́ ẹ, ó sè é, ó fi òwú jọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló tú u. Àbúrò ìyá mi ni, òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá mi kú, ó sì ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi ní ká kó ìgò wa lọ bá àwọn obìnrin náà nínú ọjà, kí wọ́n fojú rí ohun tí à ń ṣe, kí wọ́n yé rò pé ṣe la kàn ń dá ẹja wọn dúró. Orí tábìlì Ìyá Ẹ̀pẹ́ la tẹ́ nǹkan sí. Wọ́n pé lé wa lórí. Ọ̀gá mi gún àrọ̀ yíyan, ó da omi sí i, òróró sì léfòó.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ wò ó. "Òróró yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ ríran?"

"Òun ni, Ìyá. Bí mo bá sì bù ú dànù, mo lè bu kòkòrò mọ́ ọn."

"Ẹ má bù ú. Ẹ jẹ́ kó mu nǹkan."

Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó mú agolo kan tí ó ń kó sítáàṣì gbígbẹ sí. Òun ló máa ń wọ́n sórí pákó bí òróró ẹja bá dà sí i, tí á fi ìgbálẹ̀ gbá a lọ. Ó wọ́n díẹ̀ sínú omi ẹja náà. Sítáàṣì fa òróró mọ́ra, ó wúwo, ó rọra lọ sísàlẹ̀, omi òkè sì mọ́. Ọ̀gá mi fa omi tó mọ́ yẹn, ó kán aró sí i, ó ṣe ẹja obìnrin mìíràn bẹ́ẹ̀ náà sínú ìgò kejì, a jókòó. Ṣáájú ìrun ọ̀sán, ìgò kan ṣì jẹ́ búlúù bí a ti fi í sílẹ̀, èkejì ti di píǹkì. Ẹja Ìyá Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà nínú èyí tó di píǹkì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í rẹ́rìn-ín títí.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ọ̀gá mi ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀ o. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà."

N kò kọ ọ́. Nígbà tí a dé láàbù, àpótí olóoru ti kú, ẹja àwọn oníbàárà sì wà nínú rẹ̀. Ó lé lọ́sẹ̀ méjì kí a tó rí ẹni tún un ṣe. Lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í lo sítáàṣì lójoojúmọ́, ó wá dà bí ẹni pé a ti ń lò ó láti ilẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé n óò tún un ṣe létòlétò, ìgbà mẹ́wàá, lórí oríṣi ẹja mẹ́ta, kí ojú ìwé náà lè mọ́ tónítóní. Mo fẹ́ kí ó lẹ́wà. Oṣù méjì kọjá kí n tó ṣe é. Ọjọ́ tí mo ṣe é yẹn náà ni mo sì kọ déètì rẹ̀ sí i, torí pé òun ni déètì tó jẹ́ òtítọ́.

Láàárín oṣù méjì yẹn ni okùnrin kan wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun èlò àyẹ̀wò ló rán òun, pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè máa gbé iṣẹ́ fún wa. Ó níwà. Ó ń pè mí ní Àǹtí, ó ń tẹríba kí ọ̀gá mi bí ó bá wọlé. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó tì wá. Ọ̀gá mi ní kí n ṣàlàyé fún un, mo sì ṣàlàyé. Bí a ṣe ń gún ẹja, ìwọ̀n sítáàṣì, bí a ṣe ń dúró kí ó rọ̀ sísàlẹ̀ pátápátá kí a tó fa omi. Ó wù mí láti sọ ọ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní yàrá mẹ́ta lórí ṣọ́ọ̀bù páìpù kì í sábà rí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré, ohun tí èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ kò tíì kọ.

A kò tún gbúròó rẹ̀. Ó lé lọ́dún kan kí lẹ́tà tó dé. Àwọn lọ́yà ilé iṣẹ́ náà ló kọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀nà tí a ń gbà fi sítáàṣì àti aró wá kòkòrò nínú ẹja yíyan, oníbàárà àwọn ló ni ín, pé ó ti gba páténtì lé e lórí, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé ẹnì kan ló ni ohun kan, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é láìgbàṣẹ. Wọ́n ní ká jáwọ́. Wọ́n fi ẹ̀dà páténtì náà mọ́ ọn. Ọ̀gá mi kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó sì tún un kà.

"Wọ́n kọ ọ́ dáadáa," ni ohun tó sọ. "Wọn ò fo nǹkan kan."

Ó lọ síbi omi, ó ń fọ ìgò. Ìgò tí mo ti fọ̀ ni.

Lọ́yà kan wà tí òun àti ọ̀gá mi jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àgbàlagbà, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Erékùṣù Èkó. Ó gbà láti bá wa dá sí i. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú lọ bá a. Ó ṣàlàyé fún wa pé ní ilẹ̀ wa, ìjọba kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ènìyàn gbé wá jẹ́ tuntun lóòótọ́, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e wá ni wọ́n ń fún.

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣe é ní gbangba kí wọ́n tó gbé e lọ," ó ní, "a jẹ́ pé kì í ṣe tuntun nígbà tí wọ́n gbé e dé ibẹ̀. Páténtì náà á já."

Ọ̀gá mi sún síwájú lórí àga. "A ṣe é ní gbangba. Ọjà Olúwo la ti ṣe é. Gbogbo ọjà ló rí wa."

"Ó dáa gan-an. Níbo lẹ kọ ọ́ sí?"

Ọ̀gá mi yíjú sí mi. Mo ṣí ìwé dúdú náà lórí itan mi, mo ṣí i síbi tí sítáàṣì ti kọ́kọ́ fara hàn, mo sì gbé e fún lọ́yà. Ó wo déètì. Ó bèèrè ọjọ́ tí okùnrin náà wá. Mo sọ fún un. Ó pa ìwé náà dé pẹ̀lẹ́.

"Ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ọ̀dọ̀ ọmọ tí àwọn rán sí yín lẹ ti kọ́ ọ."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá mi ti jókòó, ìwé náà wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Ojú ìwé ọ̀sẹ̀ tí a lọ sí Olúwo ló ṣí sí. Mo ti kọ àkọsílẹ̀ nípa àpótí olóoru tó bàjẹ́ síbẹ̀, ìlà márùn-ún sì ṣófo nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ìka lé e.

"Àyè wà níbí," ó ní.

Bírò kan náà ni mò ń lò látìgbà yẹn, inú àpò ẹ̀wù mi ló wà. Ariwo àwọn tó ń já páìpù nísàlẹ̀ ń gòkè wá. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé náà dé, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò tún sọ̀rọ̀ nípa ìlà márùn-ún yẹn mọ́, èmi náà kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ìsinsìnyí.

Ilé iṣẹ́ náà pè wá lẹ́jọ́, kóòtù sì pàṣẹ pé kí a má lo ọ̀nà náà mọ́ títí wọn yóò fi dá ẹjọ́. A kó àwọn ìgò sínú páálí, a fi téèpù lẹ̀ ẹ́, a tì í sábẹ́ tábìlì. A padà sí ọjọ́ mẹ́rin.

Ní àkókò yẹn ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbé apẹ̀rẹ̀ àrọ̀ yíyan kan wá. Òjò ti bá a lórí ààrò, ẹja náà kò gbẹ tán, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ sí i.

"Ọjọ́ wo ni n óò gbọ́?"

"Ọjọ́ kẹrin, mà."

"Ọ̀túnla ni àwọn oníbàárà mi ń bọ̀. Ìgò búlúù yẹn ńkọ́?"

"Kóòtù ní a ò gbọdọ̀ lò ó."

"Kóòtù ló fẹ́ jẹ ẹja mi ni?"

Páálí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá ṣí i, kó tó di pé ó délé, n óò ti mọ̀. Mo wo ọ̀gá mi. Ó mi orí. Ó ní bí wọ́n bá bi wá ní kóòtù bóyá a tún lò ó, òun fẹ́ lè dáhùn láìpurọ́. Mo bẹ Ìyá Ẹ̀pẹ́ pé kí ó ṣáà má tíì tà á. Ó ní òun gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí mo gbé àwo jáde, kòkòrò ti bò ó débi pé n kò lè kà wọ́n. Mo pè é lórí fóònù.

"Ẹ má tà á o, mà. Kò dáa."

"Mo ti tà á lánàá."

"Ta lẹ tà á fún?"

"Ọjà ni. Ta ni n óò sọ pé mo tà á fún?"

Fún bí oṣù kan, gbogbo ìgbà tó bá pè mí ni mò ń bèèrè bóyá wọ́n gbọ́ pé inú ń run ẹnikẹ́ni, bóyá ẹnikẹ́ni wà ní ọsibítù. Ó ní wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Bóyá wọ́n sè é jinná. Bóyá ẹni tí ó mú ṣàìsàn kò mọ̀ pé ẹja ló fà á, tàbí ibi tó ti jẹ ẹ́ jìnnà sí wa. N kò mọ̀, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè gbà mọ̀.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni ẹlẹ́rìí wa. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá, ó sùn sọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú, ó wọ ìbòrí tuntun, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní kó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ó bínú díẹ̀, ó ní orí ọ̀sà ni wọ́n bí òun sí. Nígbà tí a dé, adájọ́ kò jókòó lọ́jọ́ yẹn. Nígbà kejì, lọ́yà wọn fi ìwé ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Ìgbà kẹta ló tó sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ wà níbẹ̀ tó ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́yà wọn kò jágbe mọ́ ọn. Ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí a kọ́.

"Mà, ọjọ́ wo ni ohun tí ẹ sọ yìí ṣẹlẹ̀?"

"Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ́jà ni. Omi ti ń wọ ìsọ̀ wa nígbà yẹn."

"Ọdọọdún kọ́ ni omi ń wọ ìsọ̀ yín?"

"Ọdọọdún ni."

"Kí ló wà nínú ìgò náà, mà?"

"Omi ẹja. Àti aró kan."

"Aró wo?"

"Aró búlúù."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Ẹ̀pẹ́ náà rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé òun ti dáhùn dáadáa.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pè mí. Lọ́yà náà gbé ìwé dúdú wá bá mi.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Déètì tó wà níbẹ̀, ṣé ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ gan-an nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó jẹ́ lẹ́yìn tí aṣojú oníbàárà mi ti wá sí láàbù yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a ti—"

"Mo dúpẹ́, mà. Bẹ́ẹ̀ ni ti tó."

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń kọ ọ́. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Ìkòròdú, Ìyá Ẹ̀pẹ́ bi mí bóyá òun sọ ọ́ bó ti yẹ. Mo ní ó sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀gá mi jókòó níwájú wa, kò wẹ̀yìn.

Ẹjọ́ náà kò tilẹ̀ dé orí ìdájọ́. Wọ́n ń sún un síwájú. Wọ́n gbé adájọ́ lọ sí ibòmíràn, wọ́n ní ẹni tuntun á gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì tún pe ẹlẹ́rìí. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní orúnkún òun kò lè gun ọkọ̀ ojú omi mọ́. Àwọn oníbàárà wa ń lọ sí ibi tí èsì ti ń yára jáde, níbi tí wọ́n ti ń lo ohun èlò ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, àwọn tọ̀hún fi ìwé kan ránṣẹ́. Bí ọ̀gá mi bá fọwọ́ sí i pé òun kò ní lo ọ̀nà náà mọ́ láé, tí òun kò sì ní sọ níbikíbi pé òun ló hùmọ̀ rẹ̀, àwọn á fa ọwọ́ ẹjọ́ sẹ́yìn.

Ó kà á lójú wa ní ọ́fíìsì lọ́yà. Ó bi lọ́yà pé, "Èyí tó ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ yìí, ṣé ó kan ilé mi pẹ̀lú? Ṣé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi?"

Lọ́yà ní kò sẹ́ni tó máa wá gbọ́ ohun tó bá sọ nílé rẹ̀.

"Mo kàn ń bèèrè ni," ó ní, ó sì fọwọ́ sí i. Èmi ni mo ṣe ẹlẹ́rìí ìfọwọ́sí náà. Lọ́yà ní kí n kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi, mo sì kọ ọ́.

A ṣí páálí náà, a da aró inú àwọn ìgò dànù síbi ìfọwọ́, ó pa ojú rẹ̀ láró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ọdún yẹn tó parí, ọ̀gá mi dá ilé padà fún onílé. Ọmọ rẹ̀ kan wà ní Òṣogbo, ibẹ̀ ló ń lọ. Bí a ti ń di ẹrù, mo rò pé bí n kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́.

"Mà, ọ̀rọ̀ ìwé yẹn. Ẹ ní kí n kọ ọ́."

Ó ń fi ìwé ìròyìn wé maikirosíkóòpù. Kò dáwọ́ dúró.

"Mo ní kí o kọ ọ́. O ò kọ ọ́. Orí tábìlì mi ni ìwé yẹn ń gbé lójoojúmọ́, n kò sì fi ọjọ́ kan ṣí i wò fún oṣù méjì."

Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. N kò mọ bí mo ṣe lè bèèrè. Ó ní kí n bá òun di ẹnu páálí mú kí òun fi téèpù lẹ̀ ẹ́, mo sì dì í mú.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi inú ọ̀rá lọ́nà Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni mo wà báyìí. Mò ń yẹ omi wò láràárọ̀, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kúrò nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le. Mo máa ń pe ọ̀gá mi lọ́jọ́ ọdún, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera àti òjò. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ṣì ń yan ẹja. Ó máa ń fi imú àti ìka yẹ̀ ẹ́ wò bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe, bó bá sì ní ó dáa, èmi náà máa ń jẹ ẹ́.

Lóṣù tó kọjá, lọ́yà àgbà náà pè mí. Ó ń ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa, ó ti dàgbà jù fún àtẹ̀gùn ibẹ̀. Ó ní ìwé ẹjọ́ wa ṣì wà lọ́dọ̀ òun, páálí méjì, àti ìwé dúdú kan. Ó ti pe ọ̀gá mi, ó ní obìnrin náà sọ pé kí ó bi mí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá n óò wá kó o, tàbí kí òun dáná sun ún.

Mo ní kí ó dákun dúró, pé n óò wá lọ́jọ́ Sátidé. Sátidé mẹ́ta ti kọjá. N kò tíì lọ.